Ẹ Bi Wá: Súṣì Níwájú Alásè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbàká l'Ákùúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ọ̀gá mi ń lọ Tokyo lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn tó gbà wá lálejò máa gbé wa lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ súṣì, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja àwọn ará Japan, níwájú ẹni tó ń ṣe é gan-an. Èmi tí mi ò lè jẹun láìsí ata, ẹja tí iná ò kàn ló wá kù? Ṣé mo lè mú ata gígún dání? Ṣé ọwọ́ ni màá fi jẹ ẹ́ àbí igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun yẹn? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú tì mí níwájú ọ̀gá o. — Bàbá Ìbejì, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire o. Ata gígún yẹn, ẹ fi sílé jàre. Itamae ni wọ́n ń pe alásè tó ń dúró lẹ́yìn kántà yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ́ṣẹ́ kó tó débẹ̀, ó sì ti lè fi wàsábì sáàárín ẹja àti ìrẹsì kó tó gbé e síwájú yín, wàsábì yìí ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń ta bí ata ni, imú ló máa ń ta ju ahọ́n lọ, ẹ tọ́ ọ wò ná kẹ́ ẹ tó sọ pé kò sí ata ńbẹ̀. Ẹ má wá máa pò ó mọ́ omi sóyà, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń ki súṣì bọ̀ yẹn, o, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú alásè dà bí ẹni tó ń da Maggi sínú ọbẹ̀ ìyá ìyàwó ẹ̀ níṣojú ìyá náà.

Ti ọwọ́ ńkọ́? Ẹ fọwọ́ jẹ ẹ́! Nigiri ni wọ́n máa gbé fún yín jù, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi ọtí kíkan sí tí wọ́n fọwọ́ mọ tí wọ́n wá gbé ẹja lé lórí, oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni lẹ́yìn ọdún 1820 nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Tokyo ní Edo, àwọn èèyàn á kàn dúró jẹ ẹ́ kíá kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á kúkú fún yín ní táwẹ́ẹ̀lì kékeré tó lọ́rinrin kẹ́ ẹ fi nu ọwọ́. Apá ẹja ni kẹ́ ẹ tẹ̀ bọ omi sóyà, kì í ṣe ìrẹsì, torí ó máa tú, kẹ́ ẹ sì jù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má jẹ́ kó dúró o, ìrẹsì yẹn ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹni tó bá ń ya fọ́tò fún Wọ́sáàpù ti pàdánù ìyẹn. Atalẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ láàárín ẹja kan sí òmíì ni, kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e lé ẹja lórí.

Tẹ́ ẹ bá sì mú igi, ẹ má gún un dúró sínú ìrẹsì láéláé, ẹ má sì fi gba oúnjẹ lórí igi ẹlòmíì, nǹkan òkú nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.

Lọ́fínńdà ọjọ́ yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀, á bo òórùn ẹja mọ́lẹ̀ fún gbogbo ẹni tó jókòó. Ẹ má fi owó ta alásè lọ́rẹ, wọn kì í gba irú ẹ̀ ní Japan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ omakase, alásè ló máa yan gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa jẹ nìyẹn, torí náà ẹ yáa tètè sọ ohun tí ara yín ò gbà fún àwọn tó pè yín kí wọ́n tó gbàyè sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù jù, edé sísè àti ẹyin díndín sábà máa ń wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní dandan ká ṣe súṣì nílé. Ṣé mo lè lo ẹja àrọ̀ tútù, àbí Titus? — Ìyá Bọ̀dé, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Rárá o, Ìyá Bọ̀dé! Ẹja odò bí àrọ̀ lè ní kòkòrò nínú, kò ṣe é jẹ láìsè. Titus náà, àwọn ará Japan máa ń fi iyọ̀ àti ọtí kíkan sí i, ṣùgbọ́n ọtí kíkan ò pa kòkòrò inú ẹ̀, yìnyín líle ló ń pa á, ìwọ̀n -20°C fún ọjọ́ 7 gbáko, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí iná mànàmáná wa ṣe rí. Ẹ se edé ńlá àwọn ará Ìlàjẹ, ẹ din ẹyin, kẹ́ ẹ fi ìyẹn ṣe é fún un.