Ṣé ọmọ SS ni àwọn àgbà ń pè ní àbíkú?

Ìbéèrè yín ni pé kí ni òwe "àbíkú sọ olóògùn dèké" ń wí, àti pé ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ́ yín nílé ìwé, pé ọmọ tí jẹ́nótáípù rẹ̀ jẹ́ SS ni àbíkú.

Ẹ jẹ́ ká fi òwe náà ṣáájú. Ìyá bímọ, ọmọ kú. Ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà lọ. Wọ́n ké sí olóògùn, ó so ṣaworo mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, ó ní kò ní lọ mọ́. Ọmọ lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ di onírọ́ lójú ará ilé. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí ọ̀ràn bá ju agbára akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ, àánú olóògùn sì wà nínú rẹ̀ ju èébú lọ. Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn ọmọ náà: Málọmọ́, Dúrójayé, ẹ̀bẹ̀ ni, Kòsọ́kọ́, ìhàlẹ̀ ni, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ti SS, ìyẹn ẹni tó gba àṣìṣe kan náà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń ṣe é. Níbẹ̀, ó ní nucleus, tí DNA tó ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wá ń gbé. Ó ní ribosome, tó ń tẹ̀lé ohun tí DNA bá wí láti fi ṣe haemoglobin tó ń gbé ọ́síjìn. Ó ní mitochondria tó ń fún un lágbára. Kó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ó ti nucleus dànù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, méjì yòókù á tẹ̀ lé e, haemoglobin bíi mílíọ̀nù 270 á sì gba gbogbo àyè inú rẹ̀. Àṣìṣe tó bá ti bá a jáde, kò ní ohun tí yóò fi tún un ṣe mọ́. Ní 1957, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Vernon Ingram, fi hàn ní Cambridge pé àṣìṣe SS kò ju àmínò ásíìdì kan ṣoṣo tó yí padà lọ, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ di haemoglobin. Tí ọ́síjìn bá dín, àwọn haemoglobin náà á so mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì tó rí roboto tó sì rọ̀ á gan, á tẹ̀ bíi dòjé, á dí iṣan tóóró. Ìrora dé nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó pé a máa lo bí ọjọ́ 120. Èyí kì í sábà ju 20 lọ.

Àkókò tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ká mi lára jù. Ọmọ inú oyún ní haemoglobin tirẹ̀ tí àṣìṣe yìí kò kàn, ó sì máa ń wà lára rẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Nítorí náà, ọmọ á dé ní pípé, á sanra, á máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ti ń sún mọ́ bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú, ojú á funfun, àìsàn á máa gun ara wọn. Ìyá tí kò ní máíkírósíkóòpù, kí ni kó rò ju pé ọmọ náà ló pinnu àtilọ? Tí tọkọtaya bá jẹ́ AS, ìyẹn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gba àṣìṣe náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan, oyún kan kì í sì í wo ti èkejì: ó lè mú mẹ́ta léra.

Síbẹ̀, mi ò gbà pé ohun kan náà ni méjèèjì. Ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ léraléra nínú ilé kan náà. Àpá tí wọ́n fi sára òkú tí wọ́n ní ó tún hàn lára ọmọ tuntun, sẹ́ẹ̀lì kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹni tó ní SS ní àbíkú. Àbíkú ni wọ́n ní ó fẹ́ lọ. Àwọn wọ̀nyí ń jà kí wọ́n lè dúró. Fọ́níkú-fọ́nídìde ni ẹ pe àìsàn náà.

Mùdùnmúdùn, níbi tí nucleus ṣì wà, ni àwọn dókítà ń gbà tọ́jú rẹ̀ báyìí. Wọ́n lè gba ti ọmọ ìyá ẹni tó bá bára mu. Ní ìparí 2023, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún DNA ṣe kí ara lè padà máa ṣe haemoglobin ìgbà inú oyún. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ẹni tó ń mú àfẹ́sọ́nà wálé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo lónìí, àyẹ̀wò jẹ́nótáípù ni kó kọ́kọ́ lọ ṣe.