Mò ń rìn láràárọ̀, kí ló dé tí wéètì mi ò wálẹ̀ mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kúuṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù 4 tí mo ti ń fi wákàtí kan rìn láràárọ̀ kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oṣù méjì àkọ́kọ́, kílò 4 lọ. Látìgbà yẹn, síkéèlì ò mì. Ṣé kí n sọ ọ́ di wákàtí méjì ni, àbí kí n kúkú fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sílẹ̀ o. Ara yín ló ti mọ ìrìn yẹn.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ara dà bí jẹnẹrétọ̀, bó bá ṣe ṣiṣẹ́ tó ni epo á ṣe jó tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara dà bí ìyá tí owó oúnjẹ ẹ̀ ò pọ̀, tí owó sùkúù bá yọjú kò ní yáwó, ṣe ló máa yọ díẹ̀ lára owó ẹran, yọ díẹ̀ lára owó aṣọ. Tẹ́ ẹ bá rìn láàárọ̀, ara á dín ìnáwó kù níbòmíì láìsọ fún yín, ẹ ò ní mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an, ọmọ lẹ máa pè pé kó gbé e wá. Kílò 4 tó lọ yẹn náà, ẹ ò gbé e rìn mọ́, torí ẹ̀ ìrìn kan náà ò ná ara tó tàtẹ̀yìnwá.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Herman Pontzer, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọn agbára tí ara àwọn Hadza ń ná, àwọn ọlọ́dẹ ní Tanzania tí wọ́n ń rìn gan-an lójúmọ́, wọ́n gbé e jáde ní 2012: tí wọ́n bá ti ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń ná lóòjọ́ ò ju tàwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Wọ́n ti fi àwọn obìnrin oko nílé wa níbí náà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, ibì kan náà ló já sí.

Torí náà wákàtí méjì ò ní sọ kílò tó ń lọ di ìlọ́po méjì, orúnkún ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ ti wá a. Igo mọ́ọ̀tì kan péré lè dá ju ìdajì ohun tẹ́ ẹ fi wákàtí kan rìn dànù padà, ẹ fi omi rọ́pò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín ẹ̀bà kù díẹ̀ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré sókè sódò kí iṣan má bàa jò pẹ̀lú ọ̀rá.

Ìrìn yẹn ń ṣiṣẹ́ tí síkéèlì ò lè rí, fún ọkàn, fún ṣúgà, fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́ ẹ bá tún dé ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n wọn BP yín, kẹ́ ẹ wá fi wé tìgbà tẹ́ ò tíì máa rìn.