Ojúde àti ìta, ṣé ọ̀kan náà ni?

Àbúrò wa kan láti Ṣómólú ló béèrè. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Ìdànrè, ẹni tó ń mú wọn kiri sì pe iwájú ààfin àtijọ́ ní "ojúde Ọwá," ìyẹn ọba Ìdànrè. Ó tún ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí ibẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò. Àbúrò ní ìta ni àwa ń pè é l'Ékòó, bíi Ìta Fájì àti Ìta Tinúbú, àti pé ta ni wọ́n ń kí níbi tí kò séèyàn?

Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú àti òde ló di ojúde. Òde yẹn náà ló wà nínú aṣọ òde. Ibi tí ilé kọjú sí ni ojúde, kò sì sí ojúde tí kò ní ilé lẹ́yìn. Ti bàbá rẹ lè má gbà ju àga mẹ́rin lọ, ojúde ni. Gbàgede ní tirẹ̀, fífẹ̀ ibẹ̀ là ń sọ. Ìta sì ni ibi tí tàgbà tèwe ń gbà kọjá.

Ìta náà lè ní orúkọ olórúkọ lára o. Wọ́n lé Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò ńlá tí Ìta Tinúbú ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kúrò l'Ékòó ní 1856, Abẹ́òkúta ló kú sí ní 1887. Ìjọba tiẹ̀ sọ Ìta Tinúbú di Independence Square nígbà tá a gba òmìnira. Tinúbú náà ni kọ̀ńdọ́tọ̀ ṣì ń pariwo.

Èmi náà ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè yẹn rí, ó lé ní 600. Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tó ń jókòó sinmi léraléra. Ọdún 1923 ni àwọn ará Ìdànrè ti fi orí òkè sílẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, bí bàbá yìí ṣe rí àwọn òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ó ṣí fìlà, ó bọ́ bàtà dání, kó tó tẹ ojúde náà. Ilé Ọwá ló ń kí, ọba ì báà jókòó síbẹ̀, ì báà má jókòó.

Torí náà, ẹni tó mú yín kiri kò ṣe àṣejù. Ohun tí ìyá rẹ ń ṣe ní Ṣómólú nìyẹn, tó bá ń gba ojúde aládùúgbò kọjá, tí kò rí ẹnikẹ́ni níta, tó sì ń ké pe, "Ẹ kú ilé o!"