Ìsinmi ìbímọ láìsí owó oṣù: ìgbà wo gan-an ni àpò máa gbẹ?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún, àkọ́bí wa sì ni. Níbi iṣẹ́ wa, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n ń fún aláboyún, ṣùgbọ́n wọn kì í san owó kankan fún un títí tó fi máa padà dé. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́, owó tèmi sì fi díẹ̀ ju tiẹ̀ lọ. Owó tèmi yìí la fi ń san owó ilé. Mo tún jẹ gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, inú owó oṣù mi ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni màá lò nílé. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi, torí mi ò fẹ́ kó rò pé mo fẹ́ di ẹrù lé òun lórí. Ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí dáa?

Ìyá Ìkókó Lọ́la

Ìdáhùn

Àbúrò mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Jọ̀ọ́, má padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kẹrin. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà rẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè máa wá títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, ara rẹ ò ní tíì le débi tí wàá fi máa jókòó sẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti kọ ọ́ sínú àdéhùn 183 tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 pé ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 14 ló yẹ kí obìnrin fi sinmi, kí 6 nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn tó bá bímọ. Àdéhùn yẹn kan náà ní kí owó tó ń wọlé fún un má dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò tíì fọwọ́ sí i, òfin wọn ò sì dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12, àmọ́ kò sówó níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 náà ni ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ibẹ̀ ní kí obìnrin tó ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ gba ìdajì owó oṣù rẹ̀, ó kéré tán. Nítorí náà, kó o tó gbà pé wọn kì í sanwó, ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ, kó o sì wádìí òfin ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Má gba ti ẹnu àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan gbọ́.

Ó dáa, ká gbà pé lóòótọ́ ni wọn ò ní san nǹkan kan. Ibi ìṣirò owó oṣù ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan sì wà tí mo rí níbẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ fún aláboyún. Ká ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin lo lọ líìfù. Ọ̀sẹ̀ 12 yóò pé lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 24 lo máa wọṣẹ́. Owó oṣù Kẹta lẹ máa ná nínú oṣù Kẹrin, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára. Ìparí oṣù Kẹrin, kò sówó. Ìparí oṣù Karùn-ún, kò sówó. Ìparí oṣù Kẹfà, o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkàn rẹ ti balẹ̀, àmọ́ owó ọjọ́ méje péré ni wọ́n máa san fún ọ. Owó ọjọ́ méje yẹn ni wàá fi la gbogbo oṣù Keje já. Oṣù Keje yẹn náà ni owó ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni ẹni tó máa tọ́jú ọmọ máa fẹ́ gbowó, àfàìmọ̀ kó má sì ní kó o san án ṣáájú. Ó di ìparí oṣù Keje kí odindi owó oṣù tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo rántí obìnrin kan tó gba ìwé owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù tó wọṣẹ́ padà. Ó wò ó, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni pé ìyókù wà lódì kejì. Kò bá mi jà. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé èyí náà nìkan ni?” Gbèsè ẹgbẹ́ tí wọn ò rí yọ ní gbogbo oṣù tó fi wà nílé ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú owó ọjọ́ mélòó kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó o kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ní kí wọ́n dá yíyọ náà dúró fún oṣù tó ò ní gbowó, kí wọ́n sì sún ọjọ́ tó o máa san án tán síwájú. Béèrè bóyá èlé máa gorí rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn láti gba ti ẹni tó tètè sọ ju ti ẹni tó ti jẹ oṣù mélòó kan sílẹ̀ lọ. Má sì yá owó orí fóònù dí i. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti dá a padà, ìwọ sì nílò oṣù mẹ́ta.

Ní báyìí, nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló kù kó o bímọ. Láti ìparí oṣù yìí, ẹ gbìyànjú kí owó ọkọ rẹ máa gbọ́ bùkátà ilé, kí tìrẹ máa lọ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí ò ní káàdì. Kò ní ká a tán, mo mọ̀, torí owó ilé wà níbẹ̀. Ibi tí kò bá ká, ẹ fi díẹ̀ nínú tìrẹ kún un. Ẹ̀yin méjèèjì á ti mọ ohun tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń rí oorun sùn. Kó o sì tó pín owó tó o bá tọ́jú, kọ oṣù Karùn-ún, Kẹfà àti Keje sínú ìwé, tàbí oṣù yòówù tó bá bọ́ sí fún ọ. Èyí tó kẹ́yìn ni kó o fún ní púpọ̀ jù. Owó ilé ìwòsàn, ọ̀tọ̀ ni kó wà, torí ẹni tó ń retí àtibí wọ́ọ́rọ́wọ́ lè dé ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ abẹ.

O rí i pé kò sí bó o ṣe máa ṣe èyí kí ọkọ rẹ má mọ̀. Àbúrò mi, ta ló di ẹrù lé ta lórí? Ọmọ ẹ̀yin méjèèjì ni. Inú rẹ ló wà, ìwọ lo máa rọbí, owó tìrẹ ló máa dúró. Mi ò rí ohun tó o tún jẹ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wá ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì wà nílé, mú ìwé náà wá, kẹ́ ẹ jọ kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Bó bá ní ohun tóun lè ṣe tí ìwọ ò ronú kàn, jẹ́ kó sọ ọ́.

Lórí ẹrù ọmọ, mi ò ní pẹ́. Aṣọ tọ́mọ ẹlòmíràn ti wọ̀ ò lábùkù, kò ní pẹ́ tó fi máa kéré jù fún un.

Kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ náà. Sọ ọjọ́ tó o máa lọ àti ọjọ́ tó o máa dé. Bó o bá ṣì ní ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n so ó mọ́ ìparí èyí, kí owó lè ti máa wọlé kó o tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá ń yọ owó ìtọ́jú ìlera lára owó oṣù rẹ, béèrè ẹni tó máa san án nígbà tí kò sí owó oṣù. Ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ọ pé ipò rẹ àti iye tó ò ń gbà ò ní yí padà. Béèrè àkókò tí wàá máa fi fọ́mọ lọ́mú lẹ́nu iṣẹ́: ILO ní kó wà lójoojúmọ́, kí wọ́n má sì yọ owó rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti fèsì, fi ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi máa bá ọ ṣírò rẹ̀, kó o lè mọ oṣù tó máa le fún yín gan-an.