Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kí Ló Ba Póstà Eré Wa Jẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí fóònù la ti ṣe póstà eré orí ìtàgé wa. Nígbà tó fi máa dé láti Ṣómólú, búlúù tó ń dán ti di elése àlùkò, àmì abẹ́ lẹ́tà ti pòórá, ọ̀bẹ sì ti gé lára orúkọ gbọ̀ngàn. Ṣé atẹ̀wé ló jẹ̀bi? — Òǹkàwé kan, Yábà

Ẹ má tíì bá atẹ̀wé jà. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde, ìyẹn RGB (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù). Tàdáwà mẹ́rin ti CMYK ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò: cyan (búlúù tó mọ́lẹ̀), magenta (pupa bíi píǹkì), yẹ́lò àti dúdú. Búlúù tó ń tàn yanran yẹn, apá tàdáwà ò ká a. Bí iye magenta bá sún mọ́ ti cyan jù, elése àlùkò ló máa já sí. Ẹ jẹ́ kí magenta fi bí 30 nínú 100 kéré sí cyan, kí ẹ sì ti yí fáìlì sí CMYK nílé.

Ti àmì yẹn ló dùn wá jù. Bí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé ò bá ní fọ́ǹtì yín, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, òmíràn ọ̀hún sì lè má ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Bí “Ọkọ Àbíkẹ́” ṣe ń di “Oko Abike” nìyẹn, tí èrò á máa retí eré àgbẹ̀! Ẹ yí ọ̀rọ̀ sí outlines, kí lẹ́tà di àwòrán, kí ẹ tó fi PDF ránṣẹ́.

Bébà A3 jẹ́ mìlímítà 297 sí 420, àmọ́ ọ̀bẹ máa ń yẹ̀. Ẹ ṣe é ní 303 sí 426, kí àwọ̀ ẹ̀yìn fi 3 yọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀rọ̀ sì jìnnà sí etí tó 10. Ní 300 dpi (ẹ̀kán 300 nínú íǹṣì kan), A3 ń fẹ́ pixel, ìyẹn ẹ̀kán tó para pọ̀ di àwòrán, 3508 sí 4961. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín wò kó tó di 500.

Adarí eré ní “stage left”, àwọn kan lọ sọ́tùn-ún, àwọn kan lọ sósì. Òsì ta ni? — Èbúté-Mẹ́ta

Òsì òṣèré tó kọjú sí òǹwòran ni. Downstage ni iwájú tó sún mọ́ òǹwòran, upstage ni ẹ̀yìn, torí pé ìtàgé àtijọ́ ní Yúróòpù máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá síwájú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ilẹ̀ ìtàgé títí yóò fi mọ́ wọn lára.