“Yá mi ní bírò rẹ”: ṣé “borrow” ni àbí “lend”?

Ìbéèrè: Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ “borrow me your biro” nínú ìwé àwọn ọmọ wa. Ṣé “borrow” kọ́ ni “yá” ni? Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: “Borrow” ni “yá” lóòótọ́, àmọ́ òun náà ni “lend”. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ àti ẹni tó gbà á lọ. Ìtò gbólóhùn ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tí nǹkan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì: ẹni tó gbà á lọ ló “borrow”, ẹni tó fi sílẹ̀ ló “lend”. Ọmọ tó ní “borrow me” kò ṣe ju pé ó tú “yá mi” bó ṣe gbọ́ ọ lọ.

Ẹ wo méjì yìí:

Adé yá mi ní ọ̀bẹ.
Mo yá ọ̀bẹ lọ́wọ́ Adé.

Ọ̀bẹ Adé ni nínú méjèèjì, èmi náà ni mo gbé e lọ. Ẹ wá yọ “yá” kúrò, kí ẹ fi “fún” tàbí “gbà” sí ipò rẹ̀. “Adé fún mi ní ọ̀bẹ” dúró dáadáa. “Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Adé” náà dúró. Ẹ dán an wò ní òdì kejì, ẹ ó rí i pé “Adé gbà mí ní ọ̀bẹ” kò bá ohun tí à ń sọ mu mọ́. Ìdánwò tí mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ ọmọ nìyẹn: níbi tí “fún” bá ti lè rọ́pò “yá”, “lend” ni, níbi tí “gbà” bá ti lè rọ́pò rẹ̀, “borrow” ni. Nítorí náà, “Ade lent me a knife”, “I borrowed a knife from Ade”. “From” yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ “lọ́wọ́” wa. “To” ló ń tẹ̀ lé “lend” bí a bá kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan náà: “Ade lent a knife to me”. Ẹ tún kíyè sí i pé “lent” ni ohun tó ti kọjá, kò sí “lended”.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni kí ẹ wò. “Can I” ń fẹ́ “borrow”, “Can you” ń fẹ́ “lend”. Àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí ni ti ẹni tí wọ́n ti bá wí lórí “borrow me”, tó wá ń sá fún “borrow” pátápátá, tó ń sọ pé “I want to lend your book” nígbà tó jẹ́ òun ló fẹ́ gba ìwé náà. Ẹni tó bá há “má sọ borrow me” sórí láìmọ ìdí kò ní ṣàì ṣubú síbẹ̀.

“Kọ́” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìdánwò kan náà ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. “Ó kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ rírán” tò bíi ti “fún”, nítorí náà “teach” ni. “Mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́wọ́ rẹ̀” tò bíi ti “gbà”, “learn” ni. Ibẹ̀ ni “she learnt me sewing” ti ń wá.

Ẹ má rò pé àìmọ̀wé ni. Jámánì náà ń lo “leihen” fún yíyá fúnni àti yíyá lọ́wọ́ ẹni, “borgen” náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, nígbà tó kan ilé, “rent” ni onílé ń sọ, “rent” náà ni ayálégbé ń sọ, kò sì sí ẹni tó ń fa ìlà pupa sí i. Nínú Pijin, “abeg borrow me” kì í ṣe àṣìṣe rárá. Inú Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ló ti di àṣìṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Faransé ní Kétu àti Sakété, ní orílẹ̀-èdè Benin, tilẹ̀ ní ìṣòro tó ju èyí lọ: “prêter” ni lend, “emprunter” ni borrow, ṣùgbọ́n “à” kan náà ló ń tẹ̀ lé méjèèjì, “prêter à Adé”, “emprunter à Adé”. Kò sí “from” tó máa là wọ́n.

Ìkọsílẹ̀ tiwa náà ní ọ̀fìn kan. “Ní owó” di “lówó”, “ní ọwọ́” di “lọ́wọ́”. “Mo yá a lówó” túmọ̀ sí pé èmi ni mo fi owó sílẹ̀. “Mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀” túmọ̀ sí pé èmi ni mo gbà á. Bí ẹ bá kọ “mo ya a lowo” lórí fóònù láìsí àmì, tí ọ̀rọ̀ sì dé orí ta ló jẹ ta, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀. “Mo yá owó fún un” náà ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí ẹlòmíràn á gbọ́ ọ pé ẹ lọ yá owó níbòmíràn nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí Yorùbá gbà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó máa padà wá fúnra rẹ̀ la máa ń yá: ọ̀bẹ, odó, aṣọ. Ohun tí a máa jẹ tán, tí a ó sì fi irú rẹ̀ san padà, àwọn àgbà máa ń ní kí a “wín” wọn: “Ẹ wín mi ní gààrí kóńgò kan.” Kì í ṣe gààrí tí ẹ fún un ló máa gbé padà wá, kóńgò mìíràn ni. Owó ń gba ọ̀rọ̀ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà, “borrow a cup of salt” ni wọ́n ń sọ, bí ẹni pé iyọ̀ náà ṣì ń bọ̀. Ẹ má sì da “wín” pọ̀ mọ́ “àwìn”: ọjà tí a rà láìsanwó lójú ẹsẹ̀ ni àwìn, “buy on credit” ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kò ní “borrow” nínú rárá.