Níbo Ni Mo Ti Lè Fi Ìyawọlẹ̀ Òkun Han Ọmọ Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì là ń gbé. Wọ́n kọ́ ọmọ mi tó wà ní SS2 pé òkun máa ń ya wọ ilẹ̀, pé “bay” nìyẹn. Ó ní kí n mú òun lọ wò ó nígbà họ́lídè. Mo ti dé etíkun Lẹ́kí rí, gbọọrọ ni mo rí i. Ṣé ọ̀sà Èkó ni? Kí ló tilẹ̀ wúlò fún?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má torí èyí wọkọ̀ lọ Èkó. Ọ̀sà kọ́ o; iyanrìn tí ìgbì kó jọ ló sé ọ̀sà mọ́lé, ẹnu tóóró ló fi ń pàdé òkun. Ìyawọlẹ̀ máa ń lanu gbàgàdà ni. Ẹ sì ti dúró nínú ọ̀kan ní Lẹ́kí, ó kàn fẹ̀ ju ohun tí ojú lè ká lọ ni: Bight of Benin, láti Cape St. Paul ní Gánà dé ẹnu odò Nun ní Bayelsa, bí 640 kìlómítà. Orí máàpù fóònù ni ọmọ yóò ti rí bó ṣe tẹ̀ wọlé.

Bí àwọn ìyawọlẹ̀ kékeré ṣe ń wáyé, òkè Olósùnta ìlú yín lè kọ́ ọmọ. Ohun tó rọ̀ láyìíká rẹ̀ ti ṣàn lọ láti ayébáyé, òkúta líle dúró. Létí òkun, ìgbì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn: á jẹ ibi tó rọ̀ wọlé, èyí tó le á yọ imú sójú omi lọ́tùn-ún lósì. Iyanrìn ni etíkun Èkó, ìgbì sì ń wọ́ ọ lọ sí ìlà-oòrùn. Ìdí tó fi gún nìyẹn.

Imú ilẹ̀ yẹn ló ń fọ́ agbára ìgbì kí ọkọ̀ lè sinmi. Walvis Bay ní Nàmíbíà di èbúté pàtàkì nítorí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyanrìn ni imú tiẹ̀. Èkó ò rí irú rẹ̀. Láyé àtijọ́, iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé, Forcados, èbúté kan ní Delta, ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré. Láti 1908 ni wọ́n ti ń kó òkúta sókun láti fi mọ ògiri sẹ́nu ọ̀sà náà. Ògiri ọ̀hún dá iyanrìn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023 náà mọ ògiri tirẹ̀.

Bí owó bá wà, Ambas Bay ní Limbe, lẹ́bàá òkè Kamẹrúùnù, ṣeé fojú rí dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ.